Ọbẹ̀ Ilá Títílayọ̀ àti Àwọn Alágbàṣe Mẹ́rin

Ẹsẹ̀ Ọláyọdé kò wọ bàtà òjò rẹ̀ mọ́.

Bàtà yìí kì í ṣe bàtà àná. Láti ìgbà tí Olúrẹ̀mí, àkọ́bí rẹ̀, ti wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló ti ń wọ̀ ọ́ lọ sí oko obì, bàtà rọ́bà dúdú tó ga dé ìsàlẹ̀ orúnkún, tí eyín ejò ò lè gbà kọjá. Àmọ́ láàárọ̀ ọjọ́ tí à ń wí yìí, ó jókòó sórí àpótí lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ki ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ inú bàtà, ẹsẹ̀ dé ọrùn bàtà, ó kọ̀. Ó tì í, ó fà á, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tó ru iṣu gun òkè. Nígbà tó fa ẹsẹ̀ yọ tán, ó fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun rẹ̀. Ibẹ̀ jìn kòtò, kò sì tètè kún padà.

"Títí," ó pe ìyàwó rẹ̀, "wá wo bí ẹsẹ̀ mi ṣe ń fi mí ṣẹ̀sín."

Títílayọ̀ jáde láti ìdí ààrò, ilá tó ń rẹ́ ṣì lẹ̀ mọ́ ọn níka. Ó wo ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀. Ó ti ń gbàdúrà pé kí wíwú rẹ̀ fà, ó tún wá wú ju ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá lọ.

"Àwọn alágbàṣe mi ń jẹun lásán ni," Ọláyọdé wí. "Mò ń bọ́ wọn láàárọ̀, mò ń bọ́ wọn lálẹ́, omi ò kúrò lóko. Tó bá di Ọjọ́rú tí a bá dé ọsibítù ní Ìlá, tí dókítà bá tún sọ pé omi ṣì wà lára mi, màá kó gbogbo wọn fún un padà. Ó tó gẹ́ẹ́. Ẹni tó máa kú, kó kú sílé ara rẹ̀."

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, Bàbá Olúrẹ̀mí."

"Mo ti sọ ọ́."

Ọláyọdé kì í sì í ṣe ẹni tó máa ń sọ̀rọ̀ tán kó tún máa kó o jẹ. Ẹni tó bá ti bá a ṣe ìpàdé ìjọ rí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí wọ Títílayọ̀ lára ju òtútù lọ, nítorí ó mọ̀ dájú pé bí ọkọ òun bá fi lè dá oògùn dúró, òun á di opó kí obì ọdún yìí tó gbó.

Àbí ẹ rò pé alágbàṣe oko ni bàbá ń sọ? Rárá o. Oògùn ni. Nínú ọ̀gbẹlẹ̀ tó kọjá ni èémí bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n ọn. Bó bá dùbúlẹ̀ gbalaja, á dà bíi pé ẹnì kan gbé àpò kòkó lé e láyà. Àfi kó to ìrọ̀rí lé ara wọn kó fẹ̀yìn tì wọ́n bí ọba orí ìtẹ́. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù nílùú Ìlá. Dókítà Obed, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ní sùúrù, sọ fún wọn pé ọkàn bàbá ló ti rẹ̀, kò lè ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara bó ṣe yẹ mọ́. Ìdí nìyẹn tí omi fi ń dúró sí i lẹ́sẹ̀, tó sì ń gun inú ẹ̀dọ̀fóró. Ó ní àìsàn yìí kì í ṣe ibà, tí èèyàn ń lo oògùn rẹ̀ tán tó sì ń gbàgbé. Ojoojúmọ́ ni oògùn tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní ẹni tó bá lò ó déédéé lè padà sóko, kó sì gbé ọmọ ọmọ jó.

Oògùn mẹ́rin ni. Orúkọ òyìnbó tí wọ́n ń jẹ́ kò ṣeé gbé fún ahọ́n Ọláyọdé, bẹ́ẹ̀ ni kò sì fẹ́ máa gbé nǹkan tí kò lórúkọ mì. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ wọ́n lórúkọ. Hóró funfun kékeré tó ń lé e lọ sí ilé ìtọ̀, ó pè é ní Agbómi. Èyí tó ń la iṣan kí ẹ̀jẹ̀ lè rí ọ̀nà gbà láìjẹ́ pé ọkàn ń fi agídí tì í, Alànà. Èyí tó ń sọ fún ọkàn pé kó má sáré mọ́, Rọra. Ìkẹrin, tó ń ran Agbómi lọ́wọ́, tó sì ń ṣọ́ ọkàn kó má baà bàjẹ́ jù báyìí lọ, Aṣọ́lé. Dókítà gbọ́ orúkọ wọ̀nyí, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní ó dára ju bí wọ́n ṣe kọ́ òun nílé ìwé lọ.

Rọra ló kọ́kọ́ fẹ́ dá ìjà sílẹ̀. Nígbà tí bàbá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ńṣe ni ara rẹ̀ rọ bí ewé tí oòrùn pa. Dókítà ti kìlọ̀ fún wọn tẹ́lẹ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló máa ń ṣe, pé ìdí nìyẹn tí àwọn fi bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tó kéré jù, àwọn á sì máa gbé e sókè díẹ̀díẹ̀. Lóòótọ́, nígbà tó yá, Rọra àti bàbá rẹ́.

Ohun kan tó kù ni èyí tí nọ́ọ̀sì Kẹ́misọ́lá fi lé Títílayọ̀ lọ́wọ́. Ó na ìka sí i bí olùkọ́: kò sí iyọ̀, kò sí magí nínú oúnjẹ bàbá.

"Iyọ̀ ló ń pe omi, Màmá. Bí oògùn bá ń gbọ́n omi síta, tí iyọ̀ ń pè é wọlé, iṣẹ́ yẹn ò ní tán láéláé."

Títílayọ̀ gbọ́, ó sì ṣe é. Lọ́jọ́ náà gan-an ló gbé ike iyọ̀ fún aládùúgbò. Ẹ jẹ́ kí a bá obìnrin yìí ṣe òótọ́: fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dùn, tó jẹ́ pé òun ni ìjọ ń pè síkòkò bí ìkórè bá dé, tí ọbẹ̀ ilá rẹ̀ lókìkí láti abúlé wọn títí dé Òkè-Ìlá, kì í ṣe nǹkan kékeré kó máa gbé oúnjẹ tí kò ládùn síwájú ọkọ rẹ̀. Ọláyọdé á jẹ òkèlè díẹ̀, á ṣan ọwọ́, á ní òun ti yó. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń fà, èémí rẹ̀ ń balẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń rù, ìyẹn sì ń pa Títílayọ̀ lẹ́kún.

Nígbà tí òjò wá rọ̀, tí ilá tuntun so lẹ́yìnkùlé, ó rí ọgbọ́n dá sí i. Ó fi kún káún tó ń fi se ilá, kó lè fà dáadáa, kó sì ní adùn díẹ̀ lẹ́nu. Lálẹ́ ọjọ́ náà, Ọláyọdé jẹ ọkà láfún pẹ̀lú ilá yẹn, ó fi ìka nu abọ́. Ó ní, "Títí, o ti padà dé." Títílayọ̀ wọ kíṣìnnì lọ, ó fi ìborùn bo ojú, ó sunkún ayọ̀. Láti ìgbà náà, ilá ni lálaalẹ́. Bí inú bá sì ń kún bàbá, bó ti máa ń ṣe àwọn alárùn ọkàn, á rẹ káún sómi fún un mu, gẹ́gẹ́ bí ìyá tirẹ̀ ti máa ń ṣe fún gbogbo ilé nígbà ayé rẹ̀.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í wú.

Ìgbà tí wọ́n lọ sí Ìlá kẹ́yìn, nọ́ọ̀sì Kẹ́misọ́lá wo ẹsẹ̀ bàbá, ó mi orí. "Ó jọ pé iyọ̀ ń gba ibì kan wọlé o." Gbólóhùn kan péré ni, ṣùgbọ́n Títílayọ̀ gbé e délé, ó ń rò ó láròjinlẹ̀. Òun kò fi iyọ̀ sí oúnjẹ. Ta ló wá fi sí i? Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Ọkọ òun ń jẹun níta! Ó sì mọ ibẹ̀. Ní oríta, lábẹ́ igi máńgòrò, níbi tí Ìyá Àbídèmí ti ń ta ẹ̀wà, ibẹ̀ ni Ọláyọdé máa ń jókòó sinmi bó bá ń bọ̀ láti ìsìn.

Ẹni tó ń jowú nítorí ẹ̀mí ọkọ rẹ̀ burú ju ẹni tó ń jowú nítorí ọkọ lọ. Títílayọ̀ kò tiẹ̀ wọ bàtà tó fi dé oríta.

"Ìyá Àbídèmí! Ṣé ẹ̀wà yín lẹ fẹ́ fi sọ mí di opó ni?"

Ìyá Àbídèmí gbé ìpọnbẹ̀ dúró lọ́wọ́. "Èmi? Ọkọ yín ò fi ẹnu kan ẹ̀wà mi látìgbà tí ara rẹ̀ ò ti yá. Ìjókòó ló ń jókòó. Tí ẹ bá ní kó má jókòó mọ́, ẹ sọ fún un."

"Irọ́ lẹ ń pa!"

Àwọn ọlọ́kadà gbọ́, àwọn ọmọ ilé ìwé gbọ́, kò sì pẹ́ tí gbogbo abúlé fi gbọ́. Nígbà tí Ọláyọdé alára gbọ́, kò jà. Ó kàn bojú wo ìyàwó rẹ̀, ó ní, "Mò ń jẹ oúnjẹ rẹ láìní iyọ̀, mi ò ráhùn. O wá lọ sọ mí di olè ẹ̀wà láàárín ìlú." Kò sì bá a sọ̀rọ̀ gidi mọ́ títí di àárọ̀ tí ẹsẹ̀ kọ bàtà yẹn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn tí Ọjọ́rú fi mọ́.

Títílayọ̀ jí dáná. Ó se ilá bó ṣe máa ń sè é, ó rọ ọ́ sínú kúlà pẹ̀lú ọkà láfún tó fi ọ̀rá wé, nítorí àwọn aláìsàn máa ń pẹ́ lórí ìlà, ebi sì kì í mọ̀ pé èèyàn ń retí dókítà. Ṣùgbọ́n ìdí mìíràn tún wà. Ó ti pinnu pé lónìí, ilá òun ni yóò jẹ́rìí òun. Nọ́ọ̀sì á tọ́ ọ wò, á rí i pé iyọ̀ ò sí níbẹ̀, ojú á wá ti ẹni tó ń jẹ ẹ̀wà oríta. Á jẹ́wọ́, á jáwọ́, oògùn á sì ráyè ṣiṣẹ́. Bó ṣe rò ó nìyẹn. Wọ́n gun ọ̀kadà dé títì, wọ́n wọ mọ́tò lọ sí Ìlá. Òun gbé kúlà lé ẹsẹ̀, ọkọ rẹ̀ gbé ọ̀rá oògùn lé ẹsẹ̀ tirẹ̀.

Nígbà tó kàn wọ́n, Ọláyọdé gun òṣùwọ̀n. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ kọjá ibi tó wà nígbà tó kọjá. Dókítà Obed bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun, ó gbé ẹ̀rọ lé àyà, ó ní kí bàbá mí sínú, kó mí síta. Títílayọ̀ ń wo ojú dókítà bí ẹni ń wo ojú ọ̀run nígbà òjò.

"Omi ṣì wà, Bàbá," dókítà sọ níkẹyìn. "Ó tiẹ̀ pọ̀ sí i."

Ọláyọdé mi orí. Ó gbé ọ̀rá oògùn, ó fi í sórí tábìlì, ó rọra tì í síwájú dókítà.

"Ẹ ṣeun, dókítà. Ẹ gbìyànjú fún mi, Ọlọ́run á san yín lẹ́san. Ẹ gba àwọn alágbàṣe yín. Mo fẹ́ sinmi."

Ohun tí Títílayọ̀ ń bẹ̀rù ló dé yìí, ó sì dé wọ́ọ́rọ́wọ́, láìsí ariwo.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́," dókítà wí.

"Bí ẹ bá gba alágbàṣe, tó ń ṣiṣẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ tí omi ṣì kún oko, ṣé ẹ ò ní lé e ni?"

Dókítà Obed fara balẹ̀ ronú. "Èmi ò ní lé e, Bàbá. Màá kọ́kọ́ wo ẹni tó ń da omi padà sóko."

"Ohun tí mò ń sọ gan-an nìyẹn!" Títílayọ̀ fò dìde, ó gbé kúlà lé tábìlì, ó ṣí i. "Nọ́ọ̀sì, ẹ wá. Ẹ wá tọ́ oúnjẹ mi wò. Ẹ bá mi wá iyọ̀ níbẹ̀. Tí ẹ ò bá rí i, ẹ wá bi bàbá yìí léèrè ibi tó ti ń jẹ ẹ́!"

Ọláyọdé yí ojú sí ògiri.

Nọ́ọ̀sì Kẹ́misọ́lá fẹ́ kọ̀, ṣùgbọ́n ojú màmá kò gba kíkọ̀. Ó wá ṣíbí, ó bu díẹ̀, ó fi kan ahọ́n. Ó dúró. Ó tún fi kan ahọ́n. Ó gbé ṣíbí sókè, ilá sì tẹ̀ lé e, ó fà gùn-ún, kò já.

"Òótọ́ ni, Màmá. Iyọ̀ ò sí níbẹ̀."

"Ẹ ò rí i!" Títílayọ̀ yíjú sí ọkọ rẹ̀.

"Ṣùgbọ́n kí lẹ fi sí i tó fi fà báyìí?"

"Káún ni. Kí la tún ń fi se ilá?"

"Báwo ló ṣe pọ̀ tó?"

Títílayọ̀ fi ìka wọn bó ṣe tóbi tó hàn án, pẹ̀lú ìgbéraga alásè tí wọ́n béèrè àṣírí ọbẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. "Mo fi kún un ni, nítorí iyọ̀ tí ẹ ní kí n má fi sí i. Òun ló jẹ́ kí bàbá lè máa jẹun. Bí inú bá sì kún un, mo máa ń rẹ ẹ́ sómi fún un mu."

Nọ́ọ̀sì àti dókítà wo ara wọn, nọ́ọ̀sì sì rọra gbé ṣíbí kalẹ̀.

"Màmá," ó sọ, ohùn rẹ̀ ti rọ̀, "ọmọ ìyá kan náà ni káún àti iyọ̀. Ohun tó wà nínú iyọ̀ tó ń pe omi, ó wà nínú káún, ó sì pọ̀ níbẹ̀."

"Káún kì í ṣe iyọ̀."

"Lẹ́nu, kì í ṣe iyọ̀. Bó bá dé inú ara, iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe."

"Àwa náà pín nínú ẹ̀bi yìí," dókítà Obed sọ kíákíá. "A sọ iyọ̀, a sọ magí, a ò béèrè káún. Ó yẹ kí a ti béèrè."

Ṣùgbọ́n Títílayọ̀ kò gbọ́ apá ìkẹyìn yẹn. Ó ń rí gbogbo ìkòkò ilá tó ti gbé kalẹ̀ látìgbà tí òjò ti dé, gbogbo ife omi káún tó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé sí ọkọ rẹ̀ lẹ́nu, tó ń sọ pé "ẹ mu ún tán, á fúyẹ́." Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́. Ó ti rí i báyìí. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Ọwọ́ mi ni," ó wí. "Yéè! Ọwọ́ mi yìí ni mo fi ń da omi sí yín lára, Bàbá Olúrẹ̀mí. Mo wá lọ ń bá olódodo jà ní oríta."

Ọláyọdé yí ojú kúrò lára ògiri. Ó wo kúlà, ó wo ìyàwó rẹ̀ nílẹ̀. Ó ní ẹ̀tọ́ láti pariwo, kò sẹ́ni tí ì bá dá a lẹ́bi.

"Ìyẹn ni pé èmi ò jẹ ẹ̀wà Ìyá Àbídèmí."

"Ẹ ò jẹ ẹ́."

"Sọ ọ́ kó ká, kí dókítà gbọ́."

"Bàbá Olúrẹ̀mí ò jẹ ẹ̀wà Ìyá Àbídèmí," Títílayọ̀ wí láàárín ẹkún. Nọ́ọ̀sì Kẹ́misọ́lá yára yíjú sí fèrèsé, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n.

Dókítà ti ọ̀rá oògùn padà síwájú bàbá. Bàbá kò fọwọ́ kàn án.

"Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀," ó ní, ohùn rẹ̀ sì ti lọ sílẹ̀. "Kò bí mi nínú mọ́. Ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ mí, dókítà. Kí n máa gbé oògùn mì láàárọ̀, kí n máa gbé e mì lálẹ́, kí n máa ka ara mi sí aláìsàn títí Ọlọ́run á fi dé. Ó ti rẹ̀ mí."

"Mo mọ̀, Bàbá. Ṣùgbọ́n ẹ ò tíì rí iṣẹ́ wọn. Bí wọ́n ṣe ń gbọ́n ọn ni à ń dà á padà. Ẹ fún wọn láyè díẹ̀ sí i, kí wọ́n ṣiṣẹ́ níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti dí wọn lọ́wọ́."

Títílayọ̀ ló dìde, ó nu ojú, ó mú ọ̀rá náà, ó fi í sínú àpò tirẹ̀. Ó kúnlẹ̀ níwájú ọkọ rẹ̀, níwájú dókítà, níwájú nọ́ọ̀sì, kò sì tijú.

"Ẹ lò ó títí a ó fi padà wá. Bí ẹ ò bá lè lò ó nítorí ara yín, ẹ lò ó nítorí tèmi. Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ ọwọ́ tí mo fi ń se oúnjẹ fún yín ló máa pa yín. Mi ò ní lè gbé e."

Ọláyọdé wò ó títí. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀ fún àyẹ̀wò, dókítà sún ọjọ́ ìpadàwá súnmọ́, ó sì kìlọ̀ fún wọn pé bí èémí bá le sí i, kí wọ́n má dúró dọjọ́. Bàbá dìde, ó tẹ̀ lé ìyàwó rẹ̀ jáde.

Nígbà tí wọ́n dé oríta, ó ní kí ọlọ́kadà dúró. Ó kàn fi àgbọ̀n ìsàlẹ̀ júwe igi máńgòrò. Títílayọ̀ mọ ohun tó ń sọ. Ó bọ́ sílẹ̀, ó mú obì jáde nínú àpò ọkọ rẹ̀, ó lọ kúnlẹ̀ síwájú ìkòkò ẹ̀wà, ó sọ gbogbo ọ̀rọ̀ káún láìfi ọ̀kan pamọ́. Ìyá Àbídèmí gba obì, ó ní kó dìde, ó ní ẹnu òun ò gba ìjà aládùúgbò. Lẹ́yìn náà ló wo ìkòkò tirẹ̀ tìfuratìfura.

"Káún wà nínú èyí náà o. Àfi kó jẹ́ pé Ọlọ́run ló ń ṣọ́ ọkọ yín tó fi kàn ń jókòó."

Lọ́jọ́ náà, Títílayọ̀ gbé igbá káún kúrò lórí pẹpẹ. Ó ti fún aládùúgbò ní iyọ̀, ṣùgbọ́n èyí kò fún ẹnikẹ́ni. Ó gbẹ́lẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ó bò ó mọ́lẹ̀. Ó wá rẹ́ ilá wẹ́wẹ́, ó fi ìjábẹ̀ lù ú, ó fi irú tí òun fúnra rẹ̀ sè láìfi iyọ̀ sí i, ata, àlùbọ́sà àti ewé ẹfinrin díẹ̀ sí i. Kò fà bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó ń já. Ọláyọdé jẹ ẹ́, kò yìn ín, kò bú u. Bó sì ti ṣan ọwọ́ tán, Títílayọ̀ tẹ́ oògùn alẹ́ sí àtẹ́lẹwọ́, ó nà án sí i. Bàbá wò ó bí ẹni tó jẹ gbèsè ti ń wo olówó, kó tó mú un, kó tó gbé e mì. Bó ṣe rí láàárọ̀ nìyẹn, bó ṣe rí lálẹ́ nìyẹn: ìyàwó á na ọwọ́, ọkọ á mú oògùn. Ṣé ó gbà á gbọ́ ni? Rárá. Ẹ̀bẹ̀ obìnrin yẹn ló ń gbé mì.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, nǹkan kan kò yí padà. Láràárọ̀ ni Títílayọ̀ ń yọ́ wo ẹsẹ̀ bàbá kó tó jí, ẹ̀rù ń bà á pé bóyá ó ti pẹ́ jù. Nígbà tó yá, Agbómi gbéra. Ọláyọdé ò lè jókòó tán kó má dìde. "Kí ló ṣe alágbàṣe yìí lónìí?" ó ń kùn bó ṣe ń yára gba ẹ̀yìnkùlé lọ. "Ṣé wọ́n fún un ní ògógóró ni?" Títílayọ̀ bo ẹnu, ó ń rẹ́rìn-ín níkọ̀kọ̀. Ó pẹ́ tó ti gbọ́ tí ọkọ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Lẹ́yìn náà ló tẹ́ ibùsùn láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó rí ìrọ̀rí kan nílẹ̀. Bàbá ti tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò nílò rẹ̀. Títílayọ̀ gbé ìrọ̀rí náà mọ́ àyà, ó sì pẹ́ kó tó gbé e sílẹ̀. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, ẹ̀rù ń bà á kó má lọ sọ ọ́ jáde kó bàjẹ́.

Ó ku ọ̀la tí wọ́n á padà sí Ìlá. Títílayọ̀ wà nídìí ààrò, ó ń fẹ́ná, nígbà tó gbọ́ ìró kan nínú ilé. Gbì. Gbì. Gbì. Ìró rọ́bà lórí símẹ́ńtì. Ó ti pẹ́ tó ti gbọ́ ìró náà kẹ́yìn tó fi jẹ́ pé kò kọ́kọ́ dá a mọ̀. Nígbà tó dá a mọ̀, abẹ̀bẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọláyọdé dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn kíṣìnnì. Bàtà òjò rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, ó wọlé dé ìsàlẹ̀ orúnkún. Kò mí hẹlẹ. Ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè, ó tún gbé ìkejì, bí ọmọdé tí wọ́n ra bàtà ọdún fún.

Títílayọ̀ fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹkún ló jáde.

"Ìwọ náà má da omi sílẹ̀ mọ́," Ọláyọdé wí. "Ṣebí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́n ọn tán ni." Ó sì na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ síwájú, fún ìgbà àkọ́kọ́, kí ìyàwó rẹ̀ tó na tirẹ̀. "Àwọn alágbàṣe mi dà? Wọn ò tíì jẹun láàárọ̀ yìí, mo sì fẹ́ lọ wo obì mi."